Afẹ́fẹ́ Ti Ibo Wá Lónìí?

Ọdún 2016 ni mo dé Sligo, ìlú kan ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì, láti wá ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ohun tó kọ́kọ́ sú mi níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà á ní òjò yìí ò ní pẹ́ dá. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń gbowó á ní ó tiẹ̀ sàn ju tàná lọ. Ìyá àgbà kan sì wà níbi iṣẹ́ wa, kí n tó ṣí kọ́tíìnì yàrá rẹ̀ tán láàárọ̀, á ti bi mí pé, "Afẹ́fẹ́ ti ibo wá lónìí?" Màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá ní mi ò mọ̀, màá sì gbé oògùn rẹ̀ fún un. Lọ́kàn mi, mo gbà pé àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n ṣe ń ti ọ̀rọ̀ òjò síwájú.

Mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù. Mo ní, "Màámi, wọn ò mọ ẹni í kí níbí. Òjò, afẹ́fẹ́, òjò, afẹ́fẹ́ ṣáá ni."

Màmá mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àdùkẹ́, bí òjò bá rọ̀ n'Ìbàdàn, báwo la ṣe ń kí ara wa?"

Mo ní, "Ẹ kú òjò."

"Bí ọ̀rinrìn bá mú ńkọ́?"

"Ẹ kú ọ̀rinrìn."

Ó ní, "Hẹn-ẹn." Ló bá yí ọ̀rọ̀ sí owó ilé ìwé ọmọ àbúrò mi.

Mo gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta kó tó yé mi, inú òkun ló sì ti yé mi.

Kí n sọ irú ilé tí mo ti wá ná. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n inú ìtàn yẹn ni mo dàgbà sí. Alàdìrẹ ni ìyá màmá mi. Omi gbé ìkòkò aró rẹ̀ lọ, ó gbé aṣọ tó ti fi ẹ̀kọ kùn sílẹ̀ de aró lọ, ó sì gbé aládùúgbò wọn kan lọ tí wọn ò rí òkú rẹ̀ títí dòní. Látìgbà náà, omi kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré nílé wa. Wọn ò jẹ́ ká lọ sódò. Bí òjò bá ti ṣú, màmá mi á kó ìwé ẹ̀rí wa sínú báàgì kan, á gbé báàgì náà kọ́ èjìká títí òjò á fi dá. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí n tó fi ẹsẹ̀ kan omi òkun. Ti Bar Beach n'Ékòó, inú ọkọ̀ ni mo ti wò ó kọjá.

Àmọ́ ìyá màmá mi kan náà yẹn, àwòṣe tó mọ̀ ọ́n kùn jù lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni Olókun. Á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, á fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àwọn ojú ilé tó ti pín aṣọ sí, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní gbọ̀n. Ẹni tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ kun aṣọ ẹni tó ni òkun, kò fojú kan òkun rí títí tó fi kú. Mo máa ń rò ó.

Strandhill kò ju kìlómítà 8 lọ sí Sligo. Abúlé kékeré ni, ní ìsàlẹ̀ òkè Knocknarea, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 327. Òkìtì òkúta ràgàjì kan wà lórí òkè náà, ìtàn wọn sì ní Méabh, ọbabìnrin ayé àtijọ́, wà níbẹ̀ lórí ìdúró nínú ibojì, tó kọjú sí àwọn ọ̀tá rẹ̀. Létíkun, àgbá ìbọn ńlá àtijọ́ kan dojú kọ omi. Ohun tó yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ni pátákó ìkìlọ̀ tó ní kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, nítorí ìṣàn abẹ́ omi tó lágbára. Ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkìlọ̀ yẹn gan-an làwọn èèyàn ń gbà wọnú omi, pátákó gbọọrọ tí wọ́n ń dúró lé lórí gun ìgbì òkun (surfing) lábẹ́ abíyá wọn: ọkùnrin, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá onírun funfun. Mo rò pé wọn ò ka ìkìlọ̀ sí ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé wọ́n kà á sí dáadáa. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, apá rẹ̀ nìkan ló ní. Ẹni tó ń gun ìgbì ní ohun tó léfòó tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti wo ibi tí ìṣàn gbà kó tó wọlé.

Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi ń lọ síbẹ̀ láti wòran lásán. Bí mo bá ti parí iṣẹ́ òru, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ, màá jókòó sórí òkúta nínú kóòtù, màá mu tíì, màá sì padà sílé lọ sùn. Alásè ibi iṣẹ́ wa, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló bi mí lọ́jọ́ kan bóyá òkun jẹ mí lówó. Ó ní òun ń gun ìgbì láti ogún ọdún sẹ́yìn, àti pé àwọn obìnrin kan ń péjọ kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni. Ó ní ìgbà yẹn ló dára jù, nítorí òkun ò tètè gbóná, kò sì tètè tutù. Nígbà tí àwọn tó wà lórí ilẹ̀ bá ti ń wá súwẹ́tà, ìgbà náà gan-an lomi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí dígírì 15 sí 16. Oṣù kejì àti oṣù kẹta ló burú, tí omi á lọ sílẹ̀ sí bíi 8 tàbí 9.

Aṣọ rọ́bà ni wọ́n ń wọ̀, èyí tó nípọn tó mìlímítà 5 nígbà òtútù, pẹ̀lú bàtà rọ́bà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòrí. Kì í ṣe pé omi kì í wọ inú rẹ̀. Omi díẹ̀ á wọ̀ ọ́, ara ẹni á mú un gbóná, ó sì di aṣọ kejì láàárín rọ́bà àti ara. Èmi fi òrí pa irun mi, mo dì í mọ́lẹ̀, mo wá fa ìbòrí bò ó. Iyọ̀ òkun kì í ṣe ọ̀rẹ́ irun wa. Agolo òrí mi ti dé ọwọ́ obìnrin bíi mẹ́fà létíkun yẹn, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń la ètè.

Olùkọ́ wa, ọmọbìnrin tí mi ì bá ti bí, kò jẹ́ ká sún mọ́ omi. Ó ní ká jókòó. Ogún ìṣẹ́jú la fi wo òkun. Ó ní ká máa ka ìgbì, a sì rí i pé wọn kì í wá bákan náà: mẹ́rin tàbí márùn-ún ńlá á tò tẹ̀ lé ara wọn, omi á sinmi, kékeré á wá, kí àwọn ńlá tó tún dé. Ó bi wá pé, "Gbogbo omi tó ń wọlé yìí, ibo ló ń gbà jáde?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ó wá na ọwọ́ sí ibì kan láàárín, níbi tí ìgbì kì í ti fọ́, tí kò ní ìfófòó, tí ojú omi rẹ̀ tẹ́jú tó sì dúdú díẹ̀. Àyà mi já. Ibẹ̀ ni mo ti yàn lọ́kàn mi pé màá gbà wọlé, nítorí ibẹ̀ ló parọ́rọ́ jù. Ó ní, "Ibẹ̀ ni òkun ń gbà padà sílé. Bí ẹ bá bọ́ síbẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa wà lọ títí yóò fi tú yín sílẹ̀."

Lẹ́yìn náà la wá kọ́ bí a ṣe ń dìde, lórí iyanrìn. Ẹni tó bá fẹ́ gun ìgbì á kọ́kọ́ da àyà délẹ̀ lórí pátákó, á máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi, bí ìgbì bá sì gbé e, á ti ara rẹ̀ sókè, á sì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkúnlẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ èmi láti kékeré, ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ti obìnrin. Lọ́jọ́ yẹn, mo dọ̀bálẹ̀ fún òkun gbalaja, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ìkíni ni mò ń ṣe. Ọjọ́ kẹrin tí a lọ ni mo tó dìde dúró. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Àwọn obìnrin yẹn hó yèè bíi pé mo bímọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, mo wọ yàrá ìyá àgbà wa. Kí n tó ṣí kọ́tíìnì tán, ó ti bi mí: afẹ́fẹ́ ti ibo wá lónìí? Ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi, nítorí mo ti wo ojú ọjọ́ láti aago márùn-ún, kí n lè mọ̀ bóyá màá lọ síbi omi lẹ́yìn iṣẹ́. Ìwọ̀ oòrùn ni Strandhill kọjú sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìlà oòrùn wá, láti orí ilẹ̀, á máa ti ojú ìgbì sẹ́yìn, ìgbì á sì dúró dáadáa kó tó wó. Bó bá ti inú òkun wá, gbogbo rẹ̀ á dà rú. Mo ní, "Ìlà oòrùn ni, Mà. Kò le. Òkun dùn ún wò."

Ó yí ojú sí mi. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fún un lóògùn, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú. Ó ní Mullaghmore, abúlé kan létíkun Sligo, ni wọ́n ti bí òun, apẹja sì ni bàbá òun. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìwọ̀ oòrùn tàbí àríwá wá lọ́jọ́ tí bàbá wà lójú omi, ìyá wọn kì í dáná alẹ́ títí ọkọ̀ á fi yọ. Gbogbo òwúrọ̀ ayé wọn, ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi ń jí. Ọgọ́rin ọdún ó lé ti kọjá, bàbá ti kú, ọkọ̀ ti jẹrà, ó ṣì ń béèrè.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ ìtàn Ògùnpa fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀, nígbà náà."

Ìgbà yẹn ni "ẹ kú òjò" tí màmá mi sọ tó yé mi. Ohun tó wà lórí gbogbo wa ni wọ́n ń fi kí mi láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mi ò dá wọn lóhùn. Ìyá àgbà yẹn kan náà ló kọ́ mi ní ìkíni èdè Gaeilge, èdè wọn àtijọ́. Bí ẹnì kan bá kí ọ ní "Dia duit", ìyẹn ni pé kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ, ìwọ á dáhùn pé "Dia is Muire duit", kí Ọlọ́run àti Màríà wà pẹ̀lú ìwọ náà. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ ju ìkíni lọ. Bí wọ́n bá sì bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pàdé, wọ́n ní ìkíni tirẹ̀ lọ́tọ̀: "Bail ó Dhia ar an obair", ìbùkún Ọlọ́run lórí iṣẹ́ náà. Ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn! Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ̀rù àjèjì ń kúrò lára mi díẹ̀ díẹ̀.

Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà wọ àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó. N kò ní sọ púpọ̀ nípa oṣù yẹn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sìnkú ní Írẹ́lándì nìkan ló máa mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í fi òkú pamọ́ títí owó ìnáwó á fi pé; láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta wọ́n ti sin ín. Ṣùgbọ́n rédíò àdúgbò á ka orúkọ òkú, gbogbo abúlé á gbọ́, wọ́n á tò gbọọrọ bọ ọwọ́ àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, tíì àti sáńwíìṣì ò sì ní tán. Ní 2020, kò sí bíbọwọ́, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló sì lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jáde sójú títì. Bí ọkọ̀ òkú ṣe ń kọjá lọ sí Mullaghmore, èèyàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, olúkúlùkù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Èmi náà dúró pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Afẹ́fẹ́ ń ti gúúsù wá. Mo sọ ọ́ fún un bí ó ṣe ń kọjá.

Ìjọba ní ká má kọjá kìlómítà 2 sí ilé, ó tún wá di 5. Kìlómítà 8 ni Strandhill sí mi. Mi ò rí òkun fún oṣù púpọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìjì Epsilon gbé ìgbì kan wá sí Mullaghmore, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Conor Maguire sì gun ún, ìgbì tí wọ́n fojú bù pé ó tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Gbogbo ayé ń pín fídíò náà. Bí mo ṣe ń wò ó lórí fóònù, apẹja kan nínú ọkọ̀ onípákó ni mò ń rí níbẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ tí kò tíì dáná.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí ní Írẹ́lándì, ìtàn wọn dùn mọ́ mi. Ní àwọn ọdún 1960, Mary Britton, tí ìdílé rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Rossnowlagh ní Donegal, rìnrìn àjò lọ sí Kalifóníà, ó sì ra pátákó méjì bọ̀ wálé. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ló gùn wọ́n. Kevin Cavey náà lọ ṣojú Írẹ́lándì níbi ìdíje àgbáyé ní San Diego ní 1966. Ọmọ ọmọ Mary Britton ni Easkey Britton, tí wọ́n sọ lórúkọ ìgbì kan ní etíkun Sligo. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gun ìgbì ní Ìráànì, lọ́dún 2010, pẹ̀lú ìbòrí àti aṣọ tó bo gbogbo ara. Obìnrin ló gbé e wọ̀lú, obìnrin ló sì gbé e jáde. Mo fi fídíò rẹ̀ han màmá mi, mo sì fi ti àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gun ìgbì ní Tarkwa Bay n'Ékòó kún un, kó lè mọ̀ pé òkun Àtìláńtíìkì kan náà ni. Ó wò ó tán, ó ní, "Ṣé ọmọ tèmi ló wá kàn báyìí?"

Ó kàn mí lóòótọ́ ní oṣù kẹwàá 2021. Òru mẹ́ta ni mo ti fi ṣiṣẹ́ láìsinmi, mo dé etíkun, ó sì wù mí kí ara mi tètè bọ́ sómi. Mi ò jókòó. Mi ò ka ìgbì kankan. Mo rí ibi tó parọ́rọ́, mo bọ́ síbẹ̀. Kí n tó mọ̀, àgbá ìbọn tó wà létíkun ti kéré lójú mi bí ìka ọwọ́. Mo kọjú sí ilẹ̀, mo ń fi apá wa omi pẹ̀lú gbogbo agbára mi, bí mo ṣe ń wà á ni òkun ń fà mí sẹ́yìn. Orúkọ màmá mi ni mò ń pè. Ibi tí apá mi ti ń kú lọ ni ohùn ọmọbìnrin yẹn ti padà wá: ẹ má bá a jà. Mo dákẹ́. Mo dì mọ́ pátákó. Mo yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, sí apá ibi tí ìfófòó wà, mo ń wà á díẹ̀díẹ̀. Ìṣàn náà tú mi sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá já ọwọ́ ẹni sílẹ̀. Ìgbì kan gbé mi, òmíràn gbé mi, mo fi orúnkún gúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Alásè wa ti wà létí omi, ó gbé fóònù sétí, ó ti ń pe 112 fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Kò bá mi wí. Ó da tíì sínú ìdérí fúláàsìkì rẹ̀, ó ní ká jókòó, ká jọ ka ìgbì. Ogún ìṣẹ́jú la fi kà á.

Láti ọjọ́ náà, n kì í wọ ibikíbi láìkọ́kọ́ jókòó wò ó. Bí àwọn onífídùù, àwọn tó ń ta gòjé òyìnbó, bá pé ní ilé ọtí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní Sligo, àlejò tó bá gbé fídùù wá á kọ́kọ́ jókòó sí ìta agbo, á gbọ́ orin bíi méjì mẹ́ta, á mọ bí eré náà ṣe ń lọ, kó tó fi ọ̀pá kan okùn. Wọn ò kọ òfin yẹn síbì kankan. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé wọ́n ń yàgò fún mi lọ́nà bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n ń dúró dè mí ni.

Ohun púpọ̀ ló wà nílùú yìí tó jẹ́ pé tí o bá jókòó wò ó, ojúlùmọ̀ ni. Ní 1999, wọ́n fẹ́ la títì ńlá kọjá Latoon ní káúńtì Clare, igi ẹlẹ́gùn-ún kan sì wà lójú ọ̀nà náà. Eddie Lenihan, tó jẹ́ apìtàn, kígbe síta pé igi iwin ni, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n yí ọ̀nà padà díẹ̀, igi náà sì yè. Àwọn tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2024, wọ́n tún ń san owó lórí ìgò oníke àti agolo, sẹ́ǹtì 15 tàbí 25, ẹ̀rọ á sì dá owó rẹ padà bí o bá dá ìgò padà. Àwọn ọmọdé ń kó àpò ìgò lọ bí àwa náà ṣe ń ru kéréètì mínírà lọ sí dípò.

Ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní "hot press", kọ́bọ́ọ̀dù tí táǹkì omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ká aṣọ sí kó má bàa rin. Tèmi, ìkòkò aró ló wà níbẹ̀. Aró kì í fẹ́ òtútù. Ọdún 2022 ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ra láfún ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, mo gba ìyẹ́ adìyẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan, mo sì gbìyànjú láti kun Olókun bí ìyá àgbà mi ṣe ń kùn ún. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ aṣọ ló bàjẹ́ kí ìlà tó dúró. Nínú ojú ilé tí ìyá àgbà ń fi ẹja sí, mo fi ìgbì Strandhill sí, èyí tí afẹ́fẹ́ ìlà oòrùn gbé dúró. Mo fi òkìtì òkúta Méabh sí òmíràn. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Írẹ́lándì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníṣẹ́ ọnà 2,000 ní yúrò 325 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè rójú ṣiṣẹ́ wọn. Èmi ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò bá wọn du ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rántí ìyá àgbà mi tí omi gbé ìkòkò rẹ̀ lọ, tí kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀ láti fi ra òmíràn. Inú mi dùn sí ìlú tó ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́.

Ìjì Éowyn dé ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní 2025. Met Éireann, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́, ti kéde ìkìlọ̀ pupa fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ní Mace Head ní Galway, afẹ́fẹ́ sáré dé kìlómítà 183 ní wákàtí kan. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ wọn. Èyí tó pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ jẹ́ 182, lọ́dún 1945. Ilé àti ibi iṣẹ́ 768,000 ni iná kú mọ́ lórí, ìhà tiwa ló sì pẹ́ jù nínú òkùnkùn. Ọjọ́ mẹ́fà ni tiwa. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà lábúlé ò ní omi pẹ̀lú, nítorí iná ló ń fa omi wọn. Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Mo ní sílíńdà gáàsì, mo ní àtùpà tó ń gba oòrùn, mo ní kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin tí mo pọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde. Àwọn aládùúgbò ń gbé kẹ́tùlù wá sí ìdáná mi. Mo se ìrẹsì, mo dín dòdò, a jẹun nínú kóòtù. Bàbá kan ní òpin àdúgbò wa, tí kò sọ ju "ọjọ́ burú" fún mi rí fún ọdún mẹ́jọ, jókòó títí di aago mọ́kànlá alẹ́ ó ń sọ ìtàn fún wa. Bó ṣe ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀run. Mo ní, "Ó ti ń rọ̀ díẹ̀, Sà. Ó ti yí sí gúúsù." Ó ní, "Ó ti yí, lóòótọ́." Ìkíni tó péye ni.

Màmá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún báyìí. Mo fi aṣọ Olókun tó kọ́kọ́ jáde dáadáa ránṣẹ́ sí i, ó fi rán ìró, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ òkun, yàtọ̀ sí kó máa gbàdúrà bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó pè mí lórí fídíò láti Ìbàdàn nígbà tí mo ń wọ aṣọ rọ́bà lọ́wọ́, létíkun. Mo fẹ́ pa á kí n pè é padà. Ó ní kí n má pa á. Alásè wa gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè kó lè rí omi. Màmá mi wò ó pẹ́. A ń gbọ́ ìgbì, a ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń fun fèrè lójú títì wọn lọ́hùn-ún.

Ó wá ní, "Àdùkẹ́, afẹ́fẹ́ ti ibo wá?"

Mo ní, "Ìlà oòrùn ni, Màámi."

"Ṣé o ti kà á?"

"Mo ti kà á."

Ó ní, "Ó dáa. Wọlé, kí n máa wò ọ́."